Ìwé Òṣùwọ̀n

Ẹyẹlé ni à ń pe bàálù lẹ́nu tiwa ní Gòrókà.
Ìyẹ́ irin, ẹ́ńjìnnì kan, ìjókòó mẹ́sàn-án,
ẹyẹlé tó ń bá wa gbé aboyún, àpò kọfí,
ìwé ìdánwò, òkú tó fẹ́ sùn sí ilé bàbá rẹ̀.
Èmi ni mo jókòó ti òṣùwọ̀n.
Ẹ gùn ún, ẹ̀yin àti ẹrù yín,
ìyá àgbà pẹ̀lú àpò okùn tó fi iwájú orí kọ́,
ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ ń ké
bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wọn òun.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi bírò purọ́.
Kì í ṣe irọ́ ńlá.
Kílò méje níhìn-ín, kílò mọ́kànlá lọ́hùn-ún.
Ọ̀gá Lindrum á yọjú láti ọ́fíìsì: "Ṣé ó wọlé?"
"Ó wọlé, sà."
Bí kò bá wọlé, bírò á tì í wọlé.
Bàálù á sáré títí dé ìpẹ̀kun pápá,
koríko ibẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ lá a lẹ́sẹ̀,
á fò.
Á padà nírọ̀lẹ́, kò sí ohun tó ṣe é.
Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn:
gbogbo ìgbà tó bá padà láyọ̀
irọ́ mi á sanra sí i,
kò sì sí òṣùwọ̀n tí mo lè gbé òun lé.

Tokau awakọ̀ mọ̀. Á wo ìwé, á wo ojú mi,
á wo òkè tó ti fi kùrukùru dé fìlà,
á fọwọ́ síwèé.
Ọmọ mẹ́ta ló ń bọ́ ní Rábáùlù,
ẹni tó sì kọ̀ láti fò lóṣù Kẹta,
a ò rí i mọ́ lóṣù Kẹrin.
Ẹnikẹ́ni ò lé e. Orúkọ rẹ̀ kàn kúrò lára ògiri ni.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Yaure, ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì,
òróró dé ìgúnpá,
sáré síwájú bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń kùn,
ó na apá méjèèjì bí ẹni fẹ́ gbá afẹ́fẹ́ mọ́ra.
"Tọ́ọ̀ṣì mi! Mi ò rí tọ́ọ̀ṣì mi!
Ìdí ìrù ni mo ti ṣiṣẹ́ lálẹ́ àná,
ibi tí okùn ìdarí ń gbà kọjá."

Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Èrò sọ̀.
Ọ̀gá jáde, iṣan ọrùn rẹ̀ le:
"Nítorí tọ́ọ̀ṣì? Tọ́ọ̀ṣì kínà márùn-ún?"
Kawage, àgbà mẹkáníìkì, kò fèsì.
Ó bọ́ aago ọwọ́, ó tì í sápò,
ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ìrù, ó ń tú ìdè lọ́kọ̀ọ̀kan.
Wákàtí mẹ́ta. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ sùn lọ.
Kùrukùru dí ẹnu àfonífojì, ọjọ́ náà bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Inú àpò oúnjẹ Yaure ni tọ́ọ̀ṣì wà,
lábẹ́ ọ̀dùnkún sísun,
ó ṣì ń tàn.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Yaure ń wá ilẹ̀ tí yóò la ẹnu fún un.
Kawage nu ọwọ́, ó mú ọ̀dùnkún náà, ó bù ú sí méjì,
ó na ìdajì sí ọmọ náà níṣojú ọ̀gá.
"Bí o kò bá tún rí i lọ́la,
pariwo ju báyìí lọ."

Lóru, mo ń ro kílò pọ̀.
Méje, mọ́kànlá, méje, mẹ́sàn-án.
Ẹlẹ́dẹ̀ mélòó ni mo ti fi pamọ́ sínú sánmà?

Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n kó àpò kọfí mẹ́fà wá.
Mo kọ iye tí òṣùwọ̀n wí.
"Ṣé ó wọlé?"
"Kò wọlé, sà. Ó fi kílò méjìlélọ́gọ́rin lé."
Mo gbọ́ fáànù òkè àjà, bó ṣe ń yí.
"Ìwé àná náà kò tọ́. Ti oṣù tó kọjá náà.
Èmi ni mo kọ wọ́n."

Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn. Títí di ìsinsìnyí
mi ò mọ ohun tó ń kọ níbẹ̀.
Tokau ni kò sọ nǹkan kan.
Ó gbé àpò kọfí kan léjìká, ó sọ̀ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,
ó padà lọ gbé èkejì.
Koríko ìpẹ̀kun pápá ń jó nínú atẹ́gùn,
bàálù ti gbéra kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.