Ọwọ́ Aláró

Búlúù ni ọwọ́ ìyá ìyá mi títí ó fi wọ káà ilẹ̀.
Aláró ni, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, l'Óṣogbo níbí:
ìkòkò mẹ́fà, èlú, eérú, omi tó ń rùn bí òbu ẹyin.
Ọwọ́ yẹn ló fi ń bu ẹ̀kọ fún mi,
mo rò pé bí ọwọ́ àgbà ṣe ń rí nìyẹn.
N kò gbọ́ ọ rí kó ní ó ń yún òun.

Tèmi, Mistúrà, pupa ló pọ́n.

Jókòó ná. Má tíì mú fáìlì.
Gbé àpótí yẹn sún mọ́ fèrèsé.
Wo àtàǹpàkò mi. Wo ibi tó sán bí ilẹ̀ ọ̀dá.
Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe èékánná láìwọ ìbọ̀wọ́
ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Ọláìyá.
Ọ̀gá ní ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ iṣẹ́.
Bí jẹ́ẹ̀lì bá ṣàn kọjá etí èékánná,
ìka ni mo fi ń nù ún,
ìka yẹn náà ni mo fi ń họ ojú.
Nǹkan kan kò ṣe mí.
Ọdún mẹ́rin gbáko, nǹkan kan kò ṣe mí!
Àṣé ara ń ṣírò gbèsè ní kọ̀rọ̀,
ọjọ́ tó bá dé láti gbà á, kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ Iléyá ló dé, ọ̀sẹ̀ tí a ò ráyè mí.
Ìpénpéjú mi wú. Mo ní ẹ̀fọn ni.
Ìyá mi ní ayé ni.
Ará ilé kejì ní kí n fi òrí pa á,
mo fi òrí pa á, mo padà sídìí jẹ́ẹ̀lì.
Ìléròrò wẹ́wẹ́ hù sí mi lórí ìka bí ẹyin ẹja.
Wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún.
Omi kan ọ̀tún, mo ké.
Omi kan òsì, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú balùwẹ̀.

Dókítà awọ ara lẹ nǹkan wẹ́wẹ́ mọ́ mi lẹ́yìn,
ó ní n kò gbọdọ̀ fi omi kàn án fún ọjọ́ méjì.
Nígbà tí mo padà, ojú kan ṣoṣo ló wú, ó pọ́n bí ẹyin iná.
Ó ní, "Kì í ṣe ayé. Jẹ́ẹ̀lì tí iná kò sè jinná ni.
Ara rẹ ti mọ̀ ọ́n lórúkọ, kò ní gbàgbé.
Bí o bá lọ dí eyín, kọ́kọ́ sọ fún wọn."
Eyín! Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, náítíráìlì nìyí.
Kì í ṣe rọ́bà funfun tí wọ́n ń tà ní páálí-páálí l'Ọ́jà Ọba,
jẹ́ẹ̀lì ń gba inú ìyẹn bí omi ṣe ń gba inú asẹ́.
Èyí náà kì í dúró títí. Bó bá ti kàn án, bọ́ ọ, sọ ọ́ nù.
Má wojú mi nítorí owó,
owó ìbọ̀wọ́ ń bẹ nínú owó èékánná.
Má jẹ́ kó kan awọ oníbàárà. Bó bá kàn án, nù ún
kí o tó ti ọwọ́ bọ abẹ́ iná.

Lánàá, Rọ́dìyátù ní kí n yára,
pé ìka ń yún òun, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni.
Mo kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà.
Mo ní kó jẹ́ kí n tú ti tẹ́lẹ̀, kó lọ rí dókítà.
Ó pòṣé, ó sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi.
N kò mọ bí alẹ́ ṣe rí fún un.

Ó yá, na ọwọ́.
Ọwọ́ rẹ tóbi ju tèmi lọ, mú páálí kejì.
Wò wá bí, ọmọ aláró àti ọmọ ẹni tí n kò mọ̀,
ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di búlúù.
Kí o tó ṣí ìgò yẹn,
ṣí fèrèsé. Ṣí i dáadáa.