Oṣè Inú Garawa

Ẹ̀gbọ́n mi Oyèwùmí ló mú èso náà bọ̀ láti Ìgbòho,
ó fi ìbọ̀sẹ̀ méjì wé e sáàárín aṣọ.
Àwọn aṣọ́bodè ò bi í, òun náà ò sì wí.

Mo fọ́ èèpo rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.
Ẹ̀tù funfun inú rẹ̀ kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ lórí ahọ́n mi,
mo rántí ìyá wa àgbà, tí í pò ó mómi fún wa bí ara wa bá gbóná.
Kóró mọ́kànlá ni mo ṣà.
Mo fi ayùn eékánná ha wọ́n lẹ́yìn,
mo rẹ wọ́n sómi gbígbóná di ọjọ́ kejì,
torí olóríkunkun ni kóró oṣè:
bí o ò bá ha á lára, kò ní gbà pé ilẹ̀ ti mọ́.
Mẹ́wàá jẹrà.
Ẹyọ kan yọrí.

Ní Dundee, nínú ilé wa tó wà ní àjà kẹrin,
fèrèsé kan ṣoṣo ló kọjú sí gúúsù.
Mo gbé àga ọkọ mi kúrò níbẹ̀,
ó kùn, ó kùn, ó gbà.
Mo gbé igi síbẹ̀ nínú garawa ọ̀dà.
Igi tí agbo màlúù ń sá sábẹ́ rẹ̀ nílé,
igi tí ọmọdé mẹ́wàá so ọwọ́ pọ̀ tí wọn ò lè gbá mọ́ra,
òun náà rèé, kò ga ju ìpọnbẹ̀ lọ,
mò ń yí i sọ́tùn-ún, mò ń yí i sósì
bí ẹni ń sun àgbàdo
kí oòrùn lè kàn án yíká.
Oòrùn ibí sì rèé, àlejò tí kì í jókòó:
ó yọjú lókè odò Tay,
kí n tó ta kọ́tìnnì, ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Ìgbà ooru méjì ló fi na ọrùn.
Ewé rẹ̀ la ìka márùn-ún bí àtẹ́lẹwọ́ ìkókó,
Ìbídàpọ̀ ọmọ mi, tí a bí síbí,
a sì máa bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó tó lọ sílé ìwé:
"Bọ̀ọ̀dá Oṣè, ó dàárọ̀."

Lóṣù kẹwàá, ewé pọ́n.
Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá
ó ku ọ̀pá, bí ọwọ̀ tó ti gbó.
Mo bomi sí i. Mo tún bomi sí i.
Ohun tí mo mọ̀ nípa ìfẹ́ kò ju ìyẹn lọ:
kí a máa bù fún ni.

Ìyá Elspeth ìsàlẹ̀ ló gun òkè wá,
ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.
Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí igi, ó tẹ̀ wọnú díẹ̀.
"Kò kú. Oorun ló ń sùn.
Ìwọ lo ń da omi sí i lójú."
Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá ní:
"Nígbà tí ọkọ mi ń lọ, ṣíbí kì í kúrò lọ́wọ́ mi,
ọbẹ̀ àárọ̀, ọbẹ̀ alẹ́.
Ó ti yó.
Èmi ni ebi rẹ̀ ṣì ń pa."

Mo fi ife pamọ́ sẹ́yìn àpò ìrẹsì.
Oṣù kejìlá. Oṣù kìíní. Ilẹ̀ ń ṣú ní aago mẹ́rin ọ̀sán.
Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá
bí ẹni jẹ ẹ́ lówó.
Ọwọ́ ń yún mi.
Erùpẹ̀ gbẹ, ó sán, ó yà kúrò lára garawa.
Ọmọ mi ò kí i mọ́.

Lánàá, òpin oṣù kẹta, ilé dákẹ́.
Mo fi eékánná ha á lẹ́ẹ̀kan, lábẹ́ orí níbẹ̀,
bí mo ṣe ha kóró rẹ̀ níjọ́sí.
Ó tutù lábẹ́ èèpo, ó tutù yọ̀yọ̀,
kò fẹ̀ ju òwú ìránṣọ lọ.

N kò pe ẹnikẹ́ni.
Mo wo ibi tí ife wà. Mo wo igi.
Mo ní, ó di oṣù tó ń bọ̀.