Ilé Tí Wọ́n Ní Kí N Wò ní Garki

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ọ́fíìsì wa ní kí n lọ wo ilé,
kí n sì sọ ilé gan-an lórúkọ:
Ó Yẹ, Ó Kù Díẹ̀ Káàtó, tàbí Ẹ Wó O.

Mo kó tẹmọ́mítà, téèpù, tọ́ọ̀ṣì,
fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́rìnlá.
Oṣù Ẹrẹ̀nà, aago méjì ọ̀sán,
oòrùn ti dógò ti páànù, kò fẹ́ lọ.

Bàbá Ṣẹ̀kwólò ló ṣílẹ̀kùn,
ọmọ Gbàgyí, kẹ́ẹ̀gì dísù léjìká,
bí ìyá rẹ̀ ti ń gbé igi ìdáná léjìká
nígbà tí ibí yìí ṣì jẹ́ oko ọkà bàbà.
"Lítà ọgọ́ta lóòjọ́, Màdáámù.
Bí ooru bá mú gan-an, ó ń jù bẹ́ẹ̀."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Àjà kejì, yàrá kẹta:
amúlétutù mẹ́ta ń sunkún sínú ike.
Gíláàsì tí wọ́n dì pa, tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn,
mo fọwọ́ kàn án, mo yára fà á sẹ́yìn.
Ta ló kọ ojú ilé sí iná
tó tún ń fowó ra òtútù?

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé,
búlọ́ọ̀kù oníhò àwọn tó kọ́kọ́ mọlé ṣì wà;
ẹnìkan ti fi páálí dí ìlàjì rẹ̀.
Lórí àtẹ̀gùn ni atẹ́gùn ń gbé.
Tẹmọ́mítà já wálẹ̀ ní ìwọ̀n méje.
Mo tún un wò. Méje.
Ológbò kan sùn síbẹ̀, kò ka fọ́ọ̀mù kankan.

Fọ́ọ̀mù béèrè gílóòbù, ó béèrè mítà.
Kò béèrè dóńgóyárò tí Bàbá gbìn
lọ́dún tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì.
Kò béèrè símẹ́ǹtì tó ti jóná tán, irin tó ti yọ́ tán,
gbèsè tí ilé yìí ti jẹ ayé,
tí kò sẹ́ni tó lè fi wíwó san án.

Àlàájì Búnú, onílé, pè lórí fóònù:
"Ṣé kí n wó o? Àwòrán tuntun ti dé,
gíláàsì látòkè délẹ̀."
Mo ní ẹ ṣí fèrèsé ná.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Ibẹ̀ la wà tí jẹnẹrétọ̀ fi kú.
Dísù tán.
Akọ̀wé, akápò, ọ̀gá pátápátá,
gbogbo wọn bọ́ kóòtù, wọ́n tò sórí àtẹ̀gùn.
Ológbò ò sún fún ẹnì kankan.
Mo jókòó tì wọ́n, fọ́ọ̀mù lórí itan.
Mi ò tíì kọ orúkọ.
Atẹ́gùn ń ṣí i, ojú-ewé kan lé èkejì,
bí ẹni tó ń wá
ibi tí wọ́n kọ orúkọ tirẹ̀ sí.