Ìpẹtà

Ní Ṣẹ́fáfíìlì, níbi tí ojú irin parí sí,
Pinashue fi omi ṣan òkúta gígùn tí ẹ̀rọ fà yọ nínú ilẹ̀:
ìlà pupa, ìlà eérú, ìlà pupa,
bí òfì tí ẹnì kan gbàgbé sísàlẹ̀ òkun.

Ó ní, "Ìpẹtà lèyí, Ìyá àgbà.
Nígbà tí ayé ò tíì ní èémí,
irin yòrò sínú òkun bí iyọ̀ ti í yòrò sọ́bẹ̀.
Ọbẹ̀dò ló dé, ohun yẹpẹrẹ tí à ń fi bàtà tẹ̀,
ó ń jẹ ìmọ́lẹ̀, ó ń su ọ́síjìn.
Irin gbé e mì, ó pọ́n, ó rì.
Ó ń gbé e mì, ó ń rì,
títí irin inú omi fi tán.
Èyí tó ṣẹ́kù ló gòkè, tó di sánmà aláwọ̀ aró."

Àwọn ẹ̀dá tó ti wà ṣáájú, tí ọ́síjìn jẹ́ májèlé fún,
wọ́n sá wọnú ẹrẹ̀.
Wọn ò tíì jáde.

Maniten ń tú ẹja lára àwọ̀n.
Èémí rẹ̀ funfun níwájú ẹnu, ó dúró díẹ̀, ó lọ.
"Ìgbẹ́ ọbẹ̀dò ni mo ń fà símú látàárọ̀?"
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á,
ikọ́ eruku ibi ìwakùsà.

Lókè igi, Àgùàlà ti yọ, ó ń dán bí abẹ́rẹ́.
Pinashue mọ̀ pé ìkòkò tí a dé pa ni:
kábọ́ọ̀nù bò ó mọ́lẹ̀,
òjò ásíìdì ń rọ̀ níbẹ̀ tí kì í kanlẹ̀.
Kò sọ ọ́.
Ó bá a ká àwọ̀n.