Ohùn Apá Bàálù

Agogo mẹ́rin àbọ̀ ìdájí, bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ ń fun fèrè ní Àrákàlẹ̀,
mo ti so bàtà onírin, ògì gbígbóná ti bó mi láhọ́n.
Fálóhùn tó máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé kì í kí ẹnikẹ́ni
títí a ó fi dé Òbà-Ilé:
ó ní oorun òun ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, òun ò fẹ́ já a jù sílẹ̀ lọ́nà.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wa là ń wọ géètì náà.
Káàdì á kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á dún píì,
orúkọ tí bàbá sọ ọmọ á dúró síta de ìrọ̀lẹ́.
Nínú lọ́hùn-ún, nọ́ńbà ni mí.

Iṣẹ́ mi rèé, torí àwọn ará ilé kò yé bi mí:
òòlù kékeré kan, kò ju àtàǹpàkò lọ,
ni mo fi ń gbá apá bàálù láti ìdí dé ṣóńṣó,
kó, kó, kó, kó,
mo sì ń fetí sí i.
Bó bá dún ṣáká, ara rẹ̀ dá.
Bó bá dún bùù, bí ìgbà tí a lu tìmùtìmù,
ìpele inú rẹ̀ ti ya ara wọn,
afẹ́fẹ́ ti rí ilé gbé níbi tí kò sanwó sí.
Ojú kò lè rí i.

Òyìnbó tó kọ́ wa ní oṣù mẹ́fà ni etí fi ń là.
Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò.
Kò mọ̀ pé lórí àpáta Ìdànrè tí a ń sá kòkó sí,
bàbá mi á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un mọ́ mi létí:
"Adéwúrà, ṣé ó ti gbẹ?"
Bí mo bá ṣì í gbọ́,
kòkó á bu nínú àpò, gbèsè á wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì kan, ibì kan dún bùù,
kò fẹ̀ ju ọmọrí agolo mílíìkì lọ.
Ẹ̀rọ ayẹ̀wò ní kò sí nǹkan.
Mo pe Fálóhùn. Ìró irin ti jẹ etí rẹ̀ tán,
àtẹ́lẹwọ́ ló gbé lé e, mo gbá a,
ó mi orí.
Ọ̀gá Fámúyìwá ní, "Ajé ni àwọn tó rà á ń bọ̀. Fọwọ́ sí i."
Bírò wà lọ́wọ́ mi.
N kò fọwọ́ sí i.

Wọ́n la apá náà.
Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, èyí tí à ń bó kúrò kí a tó tẹ́ ìpele tó kàn,
ẹnì kan gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.
Wọ́n yẹ ìwé wò, wọ́n rí Olúgbadé,
tó ṣe iṣẹ́ òru méjì léra torí ara ẹni tí yóò gbà á kò yá.
Wọ́n fún mi ní ìwé ìyìn àti àpò ìrẹsì.
Wọ́n fún òun ní lẹ́tà.
Ọ̀gá ní, ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.
Kò sọ ẹni tó gbẹ́ kòtò.

Ó ń tún ọ̀kadà ṣe lọ́nà Ọ̀dà báyìí.
Bí bàálù bá kọjá lókè, àwọn ọmọ á pariwo, wọ́n á juwọ́,
òun á tẹjú mọ́ púlọ́ọ̀gì.

Lánàá mo gbé ìrẹsì náà lérí lọ sílé rẹ̀,
n kò tíì tú ẹnu àpò láti ọjọ́ náà.
N kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.
Mo kan ilẹ̀kùn,
kó, kó,
mo dúró,
mo ń fetí sí igi náà.