Àtàǹpàkò Ìyé

Lọ́yà ti Kàbbà dé sí Ògìdì lọ́jọ́bọ̀,
ó gbé báàgì dúdú lé orí tábìlì oúnjẹ,
ó bi wá bóyá a ní àkísà tí a lè fi nu ọwọ́ màmá.
Òjò àná ṣì ń kán láti orí páànù.
Àpáta ẹ̀yìn ilé dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ìyé jókòó sórí àga rẹ̀ tí apá kan ti yẹ̀,
nínú ẹ̀wù tó fi ń lọ ìdúpẹ́ ìkórè.
Ó ní, "Ọkùn o, lọ́yà. Ṣé ẹ ti jẹun?"
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi í kí ìwé tó jáde.

Èmi ni mo kà á sókè.
"Èmi, Médùpín, opó Ìpínmíṣọ̀, tí orí mi pé..."
Mo fẹ́ fo ibẹ̀. Ó ní kí n padà.
"Tí kí ni pé?"
"Tí orí yín pé, Ìyé."
"Ẹn-ẹ́n. Máa kà á lọ. Ní òwúrọ̀, ó máa ń pé."

Ilé oníyàrá mẹ́fà, kànga kan, igi káṣú mẹ́rin,
ó di ti ọmọ mi obìnrin láti òní lọ.
Ìwé kò dárúkọ ihò tí ológbò ń gbà wọlé,
kò dárúkọ àtẹ̀gùn kẹta tó fọ́,
tí gbogbo wa mọ bí a ti ń fò ó lókùnkùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Jọ́ọ̀sì ló ní ká tètè ṣe é.
"Bó bá wọ ilé ìtọ́jú Ẹ̀gbẹ̀, tí iyè rẹ̀ bá ra tán,
ta ni yóò tẹ̀ka?
Àwọn ọmọ Bàbá Àgbà á gbé tépù dé, wọn á wọn ilẹ̀."
Òótọ́ ni. Ó korò lẹ́nu mi bí ewúro tí a kò fọ̀.
Lóṣù yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé ìkòkò kaná tó lọ sùn.
Lóṣù yìí, ó fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pè mí,
èyí tí odò gbé lọ.

Wọ́n ki àtàǹpàkò rẹ̀ bọ yíǹkì,
wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.
Ó yọ pẹlẹbẹ bí ẹ̀yìn ṣíbí,
kò ní ìlà.
Wọ́n tún un tẹ̀. Bákan náà.
Ogójì ọdún tó fi bó káṣú, oje èèpo ti jẹ ìka;
òwú òfì fá èyí tó kù.

Ìyé rẹ́rìn-ín. Ó di èjìká mi mú,
ó fà wá lọ sẹ́yìn ilé, lọ́yà ń tẹ̀lé wa nínú ẹrọ̀fọ̀,
dé abẹ́ fèrèsé yàrá tí a bí mi sí,
níbi tí ọ̀dà ti ṣí.
Ọdún tí wọ́n kọ́ ilé, òun ló fọwọ́ rẹ́ ògiri ibẹ̀,
oyún mi nínú rẹ̀, amọ̀ tútù lápá.
Ojú ìka ṣì wà. Àtàǹpàkò kan jìn ju ìyókù lọ,
ìlà rẹ̀ ń yí po bí omi tí òkúta bọ́ sí.
"Ẹ gbé ìwé yín wá síbí," ó wí.
"Mo ti tẹ̀ka tipẹ́."

Lọ́yà yọ fóònù, ó yà á ní fọ́tò.
Kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe.
Ọmọ-ìńdinrín òsì ni ìwé padà gbà.

Lọ́jọ́ Sátidé a kọjá Mọ̀pà,
ẹrù rẹ̀ kò kún búùtù.
Ó ń wo oko àwọn ẹlòmíràn lójú fèrèsé,
ó ń ka ebè.
"Ta ló wà nílé?"
"Kò sẹ́nì kan, Ìyé."
"Ṣé o ti ilẹ̀kùn?"
"Mo tì í."
"Jẹ́ ká tètè padà o,
kí onílé má baà máa wá wa."

Mo di ọwọ́ ọkọ̀ mú.
Ìsánlú ṣì jìnnà.