Agolo Kékeré

Ìdájí ni mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé,
n kò tíì bọ́ bàtà ilé ìwòsàn.
Òjò dídì ga dé orúnkún lẹ́yìn ilé wa nítòsí Brandon,
atẹ́gùn ń fá ni létí bí abẹ onígbàjámọ̀.
Àjọkẹ́ ti ń ké. Ó mọ ìró ọkọ̀ mi.

Ó kúkúrú bí àpótí ìjókòó, ikùn rògòdò.
Ìwé tí wọ́n fi tà á fún mi ní Nàìjíríà ni ìran rẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.
Ẹni tí kò gbọ́ òjò lórí páànù rí,
tí kò jí èèpo iṣu ẹnikẹ́ni jẹ,
ọmọ ìlú mi!
Manitoba ló bí i, bó ti bí àbígbẹ̀yìn mi;
òun náà ń dá mi lóhùn ní èdè ibòmíràn.

Nílé, ta ní ń wọn oúnjẹ fún ewúrẹ́?
Ó jẹ lọ, ó jẹ bọ̀.
Bí oyún dé, òun ló mọ ewé tí ara rẹ̀ ń béèrè.
Níhìn-ín, ilẹ̀ ti le bí irin láti oṣù kọkànlá.
Ọwọ́ mi ni igbó, ọwọ́ mi ni odò.

Lọ́dún tó kọjá, Ìbàdíàrán ló lóyún.
Ìkẹ́ ni mo fi pa á.
Agolo mílíìkì ńlá, ọkà kún un láàárọ̀, ó kún un lálẹ́:
“Jẹun, ìyá ìbejì, ẹni mẹ́ta lo ń bọ́.”
Ọmọ inú gbọ́, ó sanra, ọ̀nà kò gbà á.
Dókítà ẹran dé lóru, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgunpá.
A kò gbóhùn ìyá.
Ohùn ọmọ kan la gbọ́, kò sì pẹ́.

Agatha Friesen, aládùúgbò mi, kò bá mi wí.
Ọjọ́ kẹta ló gbé agolo tíì kan wá,
kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ.
Ó ní ìyá òun ló ń lò ó.

Nítorí náà, Àjọkẹ́, má wò mí bí ahun.
Koríko gbígbẹ rèé, ìyẹn kò ní ìwọ̀n.
Iyọ̀ tó ní bàbà nínú, lá a nígbà tó bá wù ọ́.
Omi kẹ́tùrù rèé, ó ṣì ń rú èéfín,
mu ún kí yìnyín tó bò ó lójú.
Ọkà ní tirẹ̀, ó dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
Àná ló ku mẹ́fà.
Ìdajì agolo Agatha.

Ó lá a tán, ó tún wojú mi,
ẹyinjú rẹ̀ dùbúlẹ̀ bí ihò kóló.
Ọwọ́ mi ti dé etí àpò ọkà.
Mo fà á padà.

Mo kúnlẹ̀, mo gbé imú sún mọ́ ẹnu rẹ̀.
Wọ́n ní bí èémí aboyún bá ń dùn bí èso tó pọ́n jù, ewu ń bẹ.
Mo fà á símú. Mo tún fà á símú.
Koríko ni.
Koríko lásán.